Àwòrán Inú Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọmọ

Ìwé Aláwìíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ yẹ fún ìyìn. Àwòrán rẹ̀ ń fi ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ han ọmọ. Ewì rẹ̀ sì yin iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ṣì ń kà á láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú bí a ti ń lò ó: ọmọ a máa fi ẹnu yin iṣẹ́, a sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ìwé. Ilé ni ó yẹ kí ó parí ohun tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn afíngbá, bí ọmọ bá rí àwòrán igbá, kí ìyá rẹ̀ fún un ní àfọ́kù igbá àti èédú, kí ó ya ẹyẹ tàbí ẹja sí i lára. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ahunṣọ wà, kí bàbá fún un ní òwú aláwọ̀ méjì, kí ó gbìyànjú ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọwọ́ ọmọ kò bá fín, tí kò sì hun, ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò di ohun àkàsórí lásán, èdè wa yóò sì pàdánù wọn díẹ̀díẹ̀.