Ìnira Tó Níye Lórí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba CS50, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Harvard, ló máa ń ráhùn nítorí C, èdè tí Dennis Ritchie ṣe ní nǹkan bí ọdún 1972. Wọ́n á ní kí ló dé tí wọn ò kúkú fi Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tó rọrùn jù ú lọ, bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, inú ìnira yẹn gan-an ni ọgbọ́n olùkọ́ ti hàn jù. Ẹ wo iṣẹ́ àyẹ̀wò sípẹ́lì tí wọ́n ń pè ní Speller: akẹ́kọ̀ọ́ á fi C kó ọ̀rọ̀ 143,091 sínú kọ̀ǹpútà, á fúnra rẹ̀ pín wọn sí ìsọ̀rí kí wíwá wọn lè yá, á sì dá gbogbo àyè tó yá lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà padà kí ètò náà tó parí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó fi Python hàn án, níbi tí ìlà díẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó ti fi ọkọ́ ro oko ló mọ ohun tí katakata ń ṣe.

Àwọn kan á ní ìnira a máa lé olùbẹ̀rẹ̀ sá. Òótọ́ ni, pàápàá ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n David Malan, tó ti ń kọ́ni ní CS50 láti 2007, kì í ṣàdédé ti èèyàn sínú C; Scratch ni wọ́n fi ń ṣíde, tí akẹ́kọ̀ọ́ á kàn máa to búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ mèremère pọ̀. Ohun tí mi ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn lé lórí ni iyára: ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín Scratch àti C, ó sì ti kéré jù.