Aṣọ Scout

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka To Kill a Mockingbird, ìwé ìtàn àròsọ tí Harper Lee gbé jáde ní 1960, ẹ̀rín ni mo fi ka ọ̀rọ̀ aṣọ eré tí Scout, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, wọ̀ ní alẹ́ Halloween. Aránṣọ ìlú fi wáyà ilé adìẹ ṣe é bí itan ẹlẹ́dẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó. Ọmọ náà sùn lọ nínú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde sórí ìtàgé, ìtìjú kò sì jẹ́ kó bọ́ ọ títí wọ́n fi gba ọ̀nà ilé. Nínú òkùnkùn ni ọlọ́bẹ kan ti ká òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Wáyà ni ọ̀bẹ náà bà, kò kan ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ọgbọ́n òǹkọ̀wé wà níbẹ̀. Aṣọ tó dáàbò bo ọmọ náà ló dí i lójú: ìró ìjà ló ń gbọ́, kò rí ẹni tó gbà wọ́n sílẹ̀, àwa òǹkàwé náà kò sì rí i. Ìgbẹ̀yìn ni a tó mọ̀ pé Boo Radley ni, ẹni tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń bẹ̀rù bí iwin. Aránṣọ yẹn kò mọ̀ pé asà lòun ń ṣe.