Ìlọsíwájú àti Ìdàgbà: Luther, Èrò Mímọ́ àti Òfì kan ní Odo-Ape

Ní ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Odo-Ape, ní ilẹ̀ Bùnú ní agbègbè Kábbà, oníwàásù dìde, ó sì ròyìn ìgbésí ayé olóògbé nípa ti ẹ̀mí. Ó sọ ọdún tí Màmá Àgbà ṣe ìrìbọmi. Ó ka àwọn ìsọ́ òru tí wọ́n lọ, àwẹ̀ tí wọ́n gbà, àti òkè àdúrà tí wọ́n gùn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ òfì. Òfì tí ó fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, tí owó aṣọ rẹ̀ rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ra lára ìwé tí èmi tí mò ń kọ èyí fi kẹ́kọ̀ọ́, kò rí àyè kankan nínú ìtàn náà. Àfi bí ẹni pé ẹ̀mí wọn a máa sùn ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ wọn bá ń ṣiṣẹ́.

N kò dá oníwàásù náà lẹ́bi. Àwòrán kan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ tí ó ń tẹ̀ lé, àwòrán náà kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti gbogbo wa ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti wádìí ibi tí àwòrán náà ti wá, kí a sì béèrè bóyá òun nìkan ni ó tọ́ sí Onígbàgbọ́ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a sábà máa ń lò bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀mí ènìyàn ṣe ń dára sí i: ìlọsíwájú àti ìdàgbà. À ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ni ìlọsíwájú ń tọ́ka sí. Ẹni tí yóò lọ síwájú gbọ́dọ̀ fi ibi tí ó wà sílẹ̀. Ọjọ́ ni ìdàgbà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó ń dàgbà lè má kúrò lójú kan. Inú ilé bàbá rẹ̀ náà ni ó lè wà títí yóò fi di àgbà. Nínú méjèèjì, ìlọsíwájú ni ó gba ọkàn wa jù.

Kò sì ṣòro láti mọ ohun tí ó fà á. Ọ̀kan lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní èdè Yorùbá lẹ́yìn àwọn apá Bíbélì ni ìwé John Bunyan, èyí tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1678. David Hinderer, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. tí ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851, ni ó túmọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, tí ó sì pè é ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa: ọkùnrin kan gbọ́ pé ìlú rẹ̀ yóò parun, ó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, ó ki ìka bọ etí rẹ̀ kí ó má baà gbọ́ igbe ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì sá lọ. Láti ibẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà ni ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ipa ìwé yìí hàn nínú iṣẹ́ D. O. Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938, ẹni tí yóò bá gbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ igbó.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni àwòrán yìí wà. Bí a ti ń sọ ìtàn ìpè Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1928, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà ni ó ń wà nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò lọ mọ́, tí ohùn kan sì pè é. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì di aṣáájú nínú ìsọjí ńlá ti 1930. A kò lè fojú kéré ohun tí ìpè náà mú wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó ṣe sí èdè wa. Lónìí, bí a bá ní Ọlọ́run pe ẹnì kan, ohun tí a óò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Nígbà wo ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà "ìpè" ti di ohun tí ó ń yọ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé gbòǹgbò ìwé Bunyan wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá èrò yìí lọ. Bunyan fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó kọ ní 1666 pé, yàtọ̀ sí Bíbélì, kò sí ìwé tí ó ran òun lọ́wọ́ tó àlàyé Martin Luther lórí Ìwé Gálátíà. Hinderer tí ó túmọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Württemberg ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí a ti ń fi ẹ̀kọ́ Luther tọ́ ọmọ.

Luther pẹ̀lú ti jẹ́ ẹni tí ó sá kúrò nílé rí. Ní 1505, ẹ̀rù ààrá mú kí ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Erfurt. Ó gbààwẹ̀, ó ṣọ́ òru, ó fìyà jẹ ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ohun tí ó padà rí nínú Ìwé Mímọ́ ni èyí tí èdè wa pè ní oore-ọ̀fẹ́: oore tí a kò fi owó rà, tí a kò sì fi ìrìnàjò wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni oore náà, kí ni ènìyàn ń sá lọ wá? Ọlọ́run kò fẹ́ iṣẹ́ rere wa fún ara rẹ̀. Aládùúgbò wa ni ó nílò rẹ̀. Nítorí náà ilé, oko, ìsọ̀ àti ibi ìdáná di ibi ìsìn. Nígbà tí Luther ń kọ̀wé lórí ìgbéyàwó ní 1522, ó ní bàbá tí ó bá fọ àkísà ìdọ̀tí ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ń ṣe ohun tí inú Ọlọ́run dùn sí, bí àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1525, òun náà gbé Katharina von Bora níyàwó, obìnrin tí ó ń pọn ọtí, tí ó ń sin ẹran, tí ó sì ń bójú tó agboolé ńlá. Nínú èdè Jámánì tí Luther ń lò, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi pe ìpè Ọlọ́run àti iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdàgbà di ohun yẹpẹrẹ. Ní 1528, ó bá wọn bẹ àwọn ìjọ ìgbèríko Saxony wò, àìmọ̀kan tí ó rí níbẹ̀ sì bà á nínú jẹ́. Ní 1529 ó gbé Kátíkísímù Kékeré jáde kí olórí ilé lè fi kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ni pé ìrìbọmi kì í ṣe ohun tí ó ti kọjá lọ: lójoojúmọ́ ni ènìyàn àtijọ́ inú wa gbọ́dọ̀ kú, kí ènìyàn tuntun sì jí dìde. Àwòrán tí ó yàtọ̀ pátápátá nìyí. Èrò mímọ́ ń fi àná sílẹ̀ sẹ́yìn. Onígbàgbọ́ ti Luther ń padà sí ibi kan náà ní gbogbo òwúrọ̀.

Àwọn ìjọ tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ Okun ni Áńgílíkà, Kátólíìkì àti ECWA. Orúkọ Luther kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ibi tí a ti lè lóye ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa ju ẹ̀gbẹ́ òfì obìnrin Bùnú lọ. Òfì náà dúró lóòró. Ahunṣọ jókòó síwájú rẹ̀, kò lọ sí ibì kankan. Yóò ki òwú bọ àárín fọ́nrán, yóò fi pátákó pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣe lánàá náà ni ó ń ṣe lónìí, síbẹ̀ aṣọ ń gùn sí i. Àṣà wa pàápàá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsúre fún. A ní "àrẹ̀dú" fún aláró, "àrìnpa" fún ọdẹ, "àrokò-bọ́dún-dé" fún àgbẹ̀. Àwọn Okun gan-an, ìkíni wọn ni a fi ń pè wọ́n. Ẹni tí ó bá ń kí oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ti jẹ́wọ́ pé Ẹlẹ́dàá kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ Luther láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó sọ pé kí kálukú sin Ọlọ́run níbi tí ó wà lè tètè sọ pé kí kálukú má kúrò níbi tí a fi í sí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Jámánì dìde sí àwọn olówó ilẹ̀ ní 1525, Luther kọ̀wé líle pé kí àwọn ọmọ ọba fi idà pa wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Àbùkù ńlá ni èyí. Ní ibi yìí, èrò mímọ́ ní ohun tí yóò kọ́ Luther: ìlú kan wà tí ó yẹ kí ènìyàn sá kúrò nínú rẹ̀. Bunyan pàápàá tún èrò ara rẹ̀ ṣe. Nínú apá kejì ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1684, ìyàwó náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ń rìn bí ẹsẹ̀ ọmọdé ti lè gbé e. Apá yìí ni kò gbajúmọ̀ tó èkíní láàrin wa, bẹ́ẹ̀ ni apá yìí ni ilé àti ọ̀nà ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Aṣọ ìpò wà lára ohun tí Màmá Àgbà ń hun, aṣọ pupa tí àwọn Bùnú fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn olóyè. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kọ odindi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995, fi í sínú orúkọ ìwé náà pé aṣọ yìí kì í kú. Mo gbọ́ lẹ́yìn ìsìnkú pé àwọn kan nínú ìjọ ti ń kùn sí iṣẹ́ yìí tipẹ́, pé nǹkan ìbọ̀rìṣà ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí òfì fi pòórá nínú ìwàásù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè gidi ni wọ́n ní, ó sì yẹ kí wọ́n bi Màmá Àgbà lójú ayé wọn: ta ni aṣọ yìí ń sìn? Mo rò pé wọn ìbá ti dáhùn pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni, àti ọmọ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé. A lè bá ìdáhùn náà jiyàn. Ṣùgbọ́n kí a dákẹ́ lórí òfì, kí a sì ka òkè àdúrà, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé Ọlọ́run kò bìkítà nípa ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ṣọ́ òru ní Ẹtì tí ó sì kówó jẹ ní Ajé ti gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa sábà máa ń ka aṣọ ẹ̀mí, aṣọ funfun tí a wọ̀ lọ sí ìsọjí. Àkísà ni ó ń fi ọjọ́ orí hàn, ohun tí a ti fi ṣiṣẹ́ títí tí ó fi gbó. Nígbà tí a kó ẹrù Màmá Àgbà jáde, a bá pátákó tí wọ́n fi ń gbá òwú. Ibi tí ọwọ́ wọn ti máa ń dì í mú ti jẹ wọnú. Ó yẹ kí ẹnì kan gbé e dání lórí pẹpẹ lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Kò sí ẹni tí ó gbé e. Èmi náà kò gbé e.