Ojú Ṣíwájú Ọwọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀ọ́ṣe Akẹ́kọ̀ọ́ Ọnà nínú Àwòrán Inú Ìwé àti Kàtúùnù ní Òkè-Ògùn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ń gbà ní ìmọ̀ọ́ṣe nínú yíya àwòrán inú ìwé àti àwòrán tí ń rìn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí kàtúùnù. Èrò ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, àti pé ẹni tí kò bá ní in kò lè bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí tako èrò náà. Ó fi ìtàn Akínọlá Láṣekàn, Bruce Onobrakpeya àti Moustapha Alassane, àti eré egúngún Ọ̀yọ́-Ilé, ṣe ẹ̀rí pé ojú tí ó mọ ìrìn ohun ni ó ń ṣíwájú, ọwọ́ ni ó ń tẹ̀lé e, ẹ̀rọ ni ó ń kẹ́yìn. Ó fi hàn pẹ̀lú pé ohun tí ojú lè kọ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí bá iṣẹ́ ayàwòrán mu ju bí a ti ń rò lọ. Àwòrán inú ìwé dúró sójú kan, síbẹ̀ ó ní láti jẹ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kàtúùnù ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí ó dúró sójú kan, tí a ń fi hàn ní kíákíá tí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ẹyọ àwòrán 24 ni fíìmù máa ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sì lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń ṣe, fíìmù ìṣẹ́jú kan ṣì ń béèrè àwòrán 720. Iṣẹ́ méjèèjì wá láti orísun kan náà: kí ènìyàn mọ bí ohun ṣe ń yí padà láti ìdúró kan sí òmíràn.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú olùkọ́ ọnà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ni èyí: níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ ìmọ̀ yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ inú ẹ̀rọ nìkan, ọmọ tí iná mànàmáná kì í tàn déédéé ní ilé rẹ̀ ti pàdánù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó sì ní ẹ̀rọ lè wá di ẹni tí ń da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ.

Ìlànà Ìtúpalẹ̀

Èrò tí iṣẹ́ yìí gùn lé ni èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà gbé kalẹ̀ ní Zaria. Ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Zaria Art Society sílẹ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya wà lára wọn. Okeke ni ó là á mọ́lẹ̀ pé kí ayàwòrán má ṣe ju ohun tí ó kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó nù, kí ó má sì gbé e mì lódidi. Kí ó ṣa èyí tí ó wúlò nínú rẹ̀, kí ó sì dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ó bá nílé. Ó yẹ kí á rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà náà. Wọn kò dúró di ìgbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó máa bi ara wọn léèrè ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́ta

Láṣekàn ni àpẹẹrẹ kìíní. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ilé ìwé gíga fún iṣẹ́ ọnà kò tíì sí ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó fi kún ohun tí ó ti kọ́ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú fún ìwé ìròyìn *West African Pilot* ti Nnamdi Azikiwe, ní àkókò ìjà òmìnira. Òkè òkun ni ìlànà yíyà ti wá, ṣùgbọ́n ojú tí ó mọ bí ọ̀gá aláṣẹ ṣe ń dúró àti bí mẹ̀kúnnù ṣe ń tẹ̀ jẹ́ ojú ará ilé.

Onobrakpeya ni ó ya àwòrán inú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1968. Ọmọ Urhobo ni Onobrakpeya. Iwin inú ìwé náà kì í sì í ṣe ohun tí ojú ẹnikẹ́ni rí rí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ọgbọ́n ọnà ilẹ̀ wa, bí a ṣe ń fi ilà àti àmì kún ojú igi gbígbẹ́ àti aṣọ, wọ inú àwòrán dúdú-òun-funfun. Kò gbìyànjú láti mú iwin dà bí fọ́tò. Èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àwòrán inú ìwé kì í ṣe àtúnsọ ọ̀rọ̀ lásán. Ìtumọ̀ ni òun náà.

Alassane, ọmọ ilẹ̀ Niger, ni ó sún mọ́ kókó iṣẹ́ yìí jù. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ títúnṣe ni ó kọ́ kọ́. Ní Niamey ni ó ti bá Jean Rouch pàdé, lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren ní Kánádà. *La mort de Gandji*, tí ó ṣe ní 1965, wà lára àwọn kàtúùnù àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà ṣe. Nínú *Bon voyage Sim* ti 1966, ọ̀pọ̀lọ́ ni ó fi ṣe olórí ìlú tí ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwòrán ọwọ́ ni, ẹ̀fẹ̀ inú wọn sì jẹ́ irú èyí tí ènìyàn lè gbọ́ lábẹ́ igi ní ìlúkílùú ní ilẹ̀ odàn.

Ìrìn Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀: Eré Egúngún

Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ní ilé tí wọ́n bọ́ sí, kí ni ti ọmọ Òkè-Ògùn? Ìtàn fi yé wa pé Ìgbòho ni olú ìlú àwọn Aláàfin nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn yàtọ̀ lọ sí ibẹ̀ láti ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Àwọn ọdẹ ọba mú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Joel Adédèjì, onímọ̀ nípa eré orí ìtàgé, rí ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú orísun eré egúngún alárìnjó.

Ní 1826, Hugh Clapperton wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́-Ilé. Ó rí erè ńlá tí ó jáde láti inú àpò, ó sì rí òṣèré tí ó fi òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọnà fi ọkàn sí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dá òyìnbó náà. Kì í ṣe àwọ̀ funfun nìkan. Òṣèré náà ń gbọ̀n, ó ń fi imú fa áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ rí. Clapperton fúnra rẹ̀ gbà pé ó jọ ọ́. Àwọn olùwòran sì ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó gbà. Ìrìn ni ó sọ ẹni tí ẹni náà jẹ́. Ìmọ̀ yìí gan-an ni ayàwòrán kàtúùnù ń wá nígbà tí ó bá fẹ́ kí á mọ ènìyàn kan kí ó tó la ẹnu.

Òfì Gẹ́gẹ́ bí Ìdánwò

Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn fún wa ní ìdánwò tí ó ṣe kedere. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ya àwòrán òfì fún ìwé kíkà ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ya òfì tí ó dúró lóòró, òfì tí àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá ni ó yà. Èyí tí a mọ Ìsẹ́yìn sí ni òfì tí a nà gbọọrọ sílẹ̀, tí ahunṣọ jókòó sí orí rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ, tí ó sì ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwòrán náà lè dára lójú, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹni tí ó yà á kò wo òfì rí. Láti ọjọ́ náà ni ìwé yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ iyì nù lójú ọmọ.

Bí ó bá fẹ́ kí àwòrán náà rìn, ẹ̀kọ́ náà tún jinlẹ̀ sí i. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ ní kíákíá. Ẹsẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn. Òkúta tí ó di òwú mú ní iwájú sì ń sún mọ́ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò fi rí i. Eré mẹ́ta ni èyí nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sáré bákan náà ti ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀rọ tí ó wù kí ó lò.

Aníkúlápó àti Ìwájú

Fíìmù *Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan, tí ó jáde ní 2022, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé. Ní abúlé fíìmù tí ó wà ní Igbójàyè ní Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyẹ àkàlà tí ó jí Sàró dìde kì í ṣe ẹyẹ gidi; iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkàlà jẹ́ ẹyẹ ilẹ̀ odàn, tí ń fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ ju bí ó ti ń fò lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ya fíìmù náà ni ilẹ̀ tí ọmọ ọdẹ ti lè sọ bí àkàlà ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ọmọ ọdẹ náà mọ̀ pé ìmọ̀ òun níye lórí nínú iṣẹ́ yìí.

*Ìwájú*, tí Disney àti ilé iṣẹ́ Kugali gbé jáde ní 2024, fi apá kejì hàn. Orí ìwé ìtàn aláwòrán ni àwọn ọ̀dọ́ Kugali ti ń ṣiṣẹ́ kí ilé iṣẹ́ ńlá tó bá wọn dòwò pọ̀. Àwòrán inú ìwé ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwòrán tí ń rìn.

Ẹ̀hónú àti Ìdáhùn

Àwọn kan lè sọ pé fífi ojú sí egúngún àti òfì yóò há akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ayé àtijọ́, tàbí pé ó lè tako ẹ̀sìn rẹ̀. Ìrìn ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí, kì í ṣe ìbọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ wo egúngún lè wo ọlọ́kadà tí ó ru iṣu, darandaran tí ó fi ọ̀pá kọ́ èjìká, tàbí lékeléke tí ń tẹ̀lé màlúù. Àwọn mìíràn yóò sọ pé iṣẹ́ òde òní ń béèrè ẹ̀rọ. Òtítọ́ ni, ẹni tí kò bá mọ ẹ̀rọ lò kò ní rí iṣẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń yí padà ní ọdọọdún, ojú tí ó kọ́ ìrìn kì í sì í di ògbólógbòó.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Láṣekàn, Onobrakpeya àti Alassane gba ọgbọ́n láti òkèèrè, wọ́n sì fi ojú ilé lò ó. Fún olùkọ́, ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀yìn èyí yọ. Kìíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ìwé àkíyèsí tí ó fi ya ìrìn ohun wá fún àyẹ̀wò, kí máàkì má wà fún iṣẹ́ àṣeparí nìkan. Èkejì, kí kàtúùnù àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán 12 ní igun ìwé àjákọ, tí a ń fi àtàǹpàkò ṣí ní kíákíá. Èyí kò ná ju owó bírò lọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí yóò ya àwòrán fún ìwé kíkà lọ jókòó ti ohun tí ó fẹ́ yà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo oṣù kan lẹ́bàá òfì ní Ìsẹ́yìn kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kò fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé ọwọ́ rẹ̀, yóò ti ní ohun tí yóò fi í ṣe.