Oratorio: Ìran Tí Etí Ń Wò

Nínú oratorio, ìtàn Bíbélì ń ṣẹlẹ̀ lójú wa láìsí aṣọ eré, láìsí ẹni tó ń rìn lórí ìtàgé. Ohùn àti ohun èlò orin nìkan ló ń ṣe é. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Israel in Egypt, oratorio tí Handel, òǹkọ orin, gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1739, tó ń sọ ìtàn àwọn ìyọnu tó bá Íjíbítì nínú Bíbélì. Nígbà tí eṣinṣin bo ilẹ̀ Íjíbítì, fáólìnì ń sáré kùn yunyun lábẹ́ ohùn àwọn akọrin. Nígbà tí yìnyín fẹ́ rọ̀, orin kọ́kọ́ ń kán tó, tó, kó tó di pé ẹgbẹ́ akọrin méjì ń dá ara wọn lóhùn bí ìjì. Nígbà tí òkùnkùn ṣú, orin ń wọ́ tuuru bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ògiri.

Àwọn kan lè ní àsọtúnsọ inú oratorio yìí ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìtàn odindi orílẹ̀-èdè kì í ṣe ti ẹnu ẹnì kan. Bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń ti ẹnu sopúránò dé ẹnu báàsì, ẹ̀rí ló ń di púpọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn jọ rí, ó yẹ kí gbogbo ẹnu jọ sọ ọ́.