Ọtí Ọkà Bàbà Pupa àti Àwọn Tí Ń Dá A Lẹ́jọ́

Bí a bá gbé igbá bùrùkùtù síwájú ẹni tí ó ti fi bíà inú ìgò ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọtí, ìdájọ́ rẹ̀ kì í pẹ́: ọtí náà kan, ó ki, kò sì mọ́ gaara. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jẹ́ ìdájọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó ní ọtí pupa yìí kan kò tíì sọ ju ohun tí ẹni tí ó ní orógbó korò sọ lọ.

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà, ẹmu ni ọtí onílé. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, kì í sì í ṣe àjèjì sí àwọn àgbà. Àlejò ni bùrùkùtù ní tirẹ̀. Àwọn ará ìhà Benue àti Òkè Ọya tí ń wá ṣiṣẹ́ oko ni ó bá dé. Ṣùgbọ́n bí ọtí náà bá jẹ́ àlejò, ọkà tí a fi pọn ọ́n kì í ṣe àlejò. Òkè-Ògùn ń gbin ọkà bàbà, ọlọ́gì ń lọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni a sì fi ògì bàbà tọ́. Èèpo ọkà yìí kan náà tí ń pọ́n ògì lójú ni ó ń pọ́n ọtí náà.

Ẹni tí yóò dá ọtí yìí lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń pọn ọ́n. A ó rẹ ọkà sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ kan, a ó tẹ́ ẹ, a ó fi ewé bò ó, yóò sì hù ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. A ó sá a gbẹ, a ó fọwọ́ ra èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù, nítorí májèlé wà nínú èéhù ọkà bàbà tútù. Lẹ́yìn èyí ni lílọ̀, pípò mọ́ omi, àti sísè. Gàárì tí àwọn apọntí ń bù sí i ni ó ń mú kí ó ki. Pìtó, ìbátan rẹ̀ tí a sẹ́ dáadáa, fúyẹ́ jù ú lọ. Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ògì kan ni ó ń ṣe ìyókù.

Òórùn ni a kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìkan rere a máa jọ ti omidùn: ó mú, ó sì mọ́. Bí ó bá ń ta imú, ó ti ń di ọtí kíkan nìyẹn; afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́. Lórí ahọ́n, ìkan ni yóò ṣáájú, adùn ọkà tí ó hù yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èèpo yóò wá fa ẹnu pọ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó jẹ obì. Ewéko hops tí ń mú bíà korò kò sí nínú rẹ̀. Èèpo ọkà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí adùn bá bo ohun gbogbo, ọtí náà kò tíì jinná. Bí kò bá sí adùn rárá, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kí ó wúwo lẹ́nu dára, ṣùgbọ́n kí ó má di ẹ̀kọ mímu.

Ìyàlẹ́nu ni pé ẹni tí ń bú ìkan yìí a máa fara balẹ̀ lórí ẹmu. Ó mọ ẹmu yàtọ̀ sí ògùrọ̀, ó mọ̀ pé ẹmu àárọ̀ dùn, pé ti ìrọ̀lẹ́ le, kò sì ní pe ti ìrọ̀lẹ́ ní ọtí bíbàjẹ́. Ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀pẹ. Ìdí ìkòkò ọkà bàbà ni ojú ti ń gba iṣẹ́ ahọ́n ṣe. Ó ń wo igbá, ó ń wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó ń wo irú ẹni tí ń mu ún.

Ní Roeselare, ní ilẹ̀ Belgium, ilé ìpọntí Rodenbach, tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti 1821, ń pọn ọtí pupa tí ó kan. Nínú àgbá igi ńláńlá ni a ń fi apá kan rẹ̀ pamọ́ sí fún nǹkan bí ọdún méjì kí ó lè kan dáadáa, àwọn atọ́tíwò Yúróòpù a sì máa yìn ín nítorí ìkan náà gan-an. Ohun tí í ṣe ẹ̀yẹ fún ọ̀kan ni a sọ di àbùkù fún èkejì.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé tún wà. Ní 1988 ni òfin ìjọba Nàìjíríà tí ó dí kíkó ọkà báálì híhù wọlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ bíà sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n gbé òfin náà kúrò lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń yínmú sí bùrùkùtù ti ń mu ọkà rẹ̀ láti ìgbà náà, ní títutù, pẹ̀lú ìwé àlẹ̀mọ́ lára.

Kì í ṣe pé kí a fi èyí ṣe àwíjàre fún ọtí búburú. Èyí tí a pọn lónìí lè má jọ ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ kan náà ni ó pọn ọ́n. Omi tí kò mọ́ kò ní ìkan tí yóò bò ó. Apọntí tí kò ra èéhù dànù yẹ ní ìbáwí, bí ọtí rẹ̀ tilẹ̀ pọ́n bí osùn. Ọtí tí ó ṣì ń hó nínú ìkòkò kò sì lè rìn jìnnà: èyí tí ó dùn-ún mu lówùúrọ̀ lè ti mú jù kí ó tó di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, kí adájọ́ tó gbé igbá sẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ bi apọntí léèrè ọjọ́ tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná.