Ẹ̀rín Àná Lójú Òǹwòran Òní: Àtúnwò Ọ̀run Móoru, Fíìmù Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀

Ìfáàrà

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí eré oníṣe Yorùbá kò kéré níye. Wọ́n ti kọ púpọ̀ lórí Hubert Ògúndé, wọ́n ti kọ lórí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládipọ̀, Bíọ́dún Jéyìfò sì fi odidi ìwé kan ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ẹgbẹ́ eléré alárìnkiri ní ọdún 1984. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni kí lámèyítọ́ sọ gbólóhùn kan tàbí méjì pé ọkùnrin náà pani lẹ́rìn-ín, kí ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, bí ẹni pé ẹ̀rín kò ní ìtumọ̀ kankan tí ó yẹ ní títú.

Orí fíìmù kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Ọ̀run Móoru ni fíìmù náà, ọdún 1982 ni ó sì jáde. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni ìrírí ẹni tí ó wo fíìmù náà ní kékeré, tí ó wá tún jókòó wò ó ní àgbà. Ìrírí yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún lónìí. Ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn nígbà náà, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ibi tí wọn kò tilẹ̀ kíyè sí nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn kan a máa sọ pé fíìmù náà ni ó ti gbó, pé àwàdà rẹ̀ ti ṣá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Fíìmù náà wà bí ó ṣe wà. Ipò òǹwòran ni ó yí padà. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti ọdún 1982 ti gbé e kúrò ní ìjókòó ẹni tí ń fi òmùgọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ti gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmùgọ̀ náà.

Bàbá Sàlá àti Aṣọ Rẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọláìyá. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ó sì papò dà ní ọdún 2018. Olórin ni kí ó tó di eléré. Sunny Adé, tí òkìkí rẹ̀ wá kàn lẹ́yìn náà, ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin tí a ń pè ní Federal Rhythm Dandies ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tí àwọn ọ̀gá eré orí ìtàgé ìgbà náà ń mú ìtàn ọba, ìtàn òrìṣà àti ìtàn inú Bíbélì lò, Ọláìyá yọwọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ó fi àwàdà ṣe iṣẹ́ ṣe. Amóhùnmáwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959 ni ó gbé e wọ ilé àwọn ènìyàn.

Aṣọ rẹ̀ nìkan tó ohun tí a lè fi kọ́ni fún odidi wákàtí kan. Táì olókùn kúkurú ọrùn rẹ̀ a tóbi bí abẹ̀bẹ̀. Férémù lásán ni awò ojú rẹ̀, kò ní gíláàsì nínú. Aago ńlá, irú èyí tí ènìyàn ń gbé sórí tábìlì, ni ó ń so mọ́ ara. Ọmọdé tí ó bá rí i a rẹ́rìn-ín nítorí pé nǹkan wọ̀nyí tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ó tán. Ẹni tí ó bá tún un wò ní àgbà ni yóò rántí pé táì, awò àti aago ni àmì mẹ́ta tí àwọn ará ìlú fi ń dá akọ̀wé mọ̀ láyé ọjọ́un. Ọláìyá mú àmì ọ̀làjú, ó fẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi fàya. Awò tí kò ní gíláàsì jẹ́ ìwé kíkà tí kò la ojú. Aago tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára ọkùnrin tí kò ní ibi kankan tí ó ń sáré lọ jẹ́ ẹ̀gàn fún àwọn tí ó sọ pé àsìkò òyìnbó ni àsìkò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 kò mọ ayé akọ̀wé, nítorí náà aṣọ apanilẹ́rìn-ín lásán ni yóò pè é, àyàfi tí olùkọ́ bá ṣàlàyé.

Àgbá Tí Owó Yóò Kún

Ọlá Balógun ni ó darí Ọ̀run Móoru. Òun náà ni ó ti darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976 àti Ayé, fíìmù Ògúndé, ní ọdún 1980, nítorí náà iṣẹ́ fíìmù Yorùbá kò ṣàjèjì sí i. Ẹ̀dá ìtàn tí Ọláìyá fúnra rẹ̀ ṣe ni Lámídì, ọkùnrin tí ó ti rí jẹ rí kí ayé rẹ̀ tó dojú dé. Gbájúẹ̀ kan tí ó fi ara rẹ̀ hàn bí oníṣègùn fi yé e pé òun lè mú kí owó kún inú àwọn àgbá rẹ̀. Lámídì gbà á gbọ́. Nígbà tí àṣírí tú, ó bọ́ sódò láti para rẹ̀. Ikú kọ̀ ọ́, ó ní àsìkò rẹ̀ kò tí ì tó. Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ sáyé ni Ayọ̀ ti fún un ní ẹyin abàmì méjì tí ó lè sọ tálákà di ọlọ́rọ̀.

Àgbá yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró tì. Bí ó bá jẹ́ oníṣègùn Yorùbá gidi ni, igbá, ìkòkò, àdó tàbí ìwo ni yóò bèèrè. Àgbá kò sí nínú ohun èlò rẹ̀. Ohun èlò ayé epo rọ̀bì ni àgbá, inú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ epo sí, òun náà sì ni ọjà àgbáyé fi ń ka iye epo. Ọkùnrin tí ó jókòó ti àgbá, tí ó ń retí kí owó kún un láìṣe pé ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, kì í ṣe Lámídì nìkan. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Láti ọdún 1973 ni owó epo ti ń ya wọ Nàìjíríà, tí oko àti ẹ̀rọ ọwọ́ ń di ìgbàgbé. Ní ọdún tí fíìmù yìí jáde, náírà ṣì lágbára ju dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n iye owó epo ti ń já wálẹ̀, ìjọba Ṣéhù Ṣàgàrí sì ti ṣe òfin ìmúdúró ọrọ̀ ajé ní Oṣù Kẹrin ọdún náà gan-an láti fún ìnáwó lọ́rùn. Àgbá ti ń ṣófo nígbà tí àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín ọkùnrin alágbàá.

Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀ ni wọn kò fi rí i. Henri Bergson, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀rín, tí ó jáde ní ọdún 1900, pé ẹni tí yóò bá rẹ́rìn-ín ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kí àánú sùn lọ nínú ọkàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òǹwòran 1982 rí ààyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé òun kò lè bọ́ sọ́wọ́ irú gbájúẹ̀ yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida mú wọlé ní ọdún 1986 sọ owó oṣù di yẹpẹrẹ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, ètò MMM ti owó ẹgbàágbèje ènìyàn pa, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún wó lulẹ̀, inú sì bí àwọn kan tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí ó wá padà wo Lámídì níwájú àgbá, àánú kò lè sùn nínú ọkàn rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, àlàyé Bergson kò tán ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé àánú ń pa ẹ̀rín ni, ó yẹ kí òǹwòran àgbà máa wo fíìmù náà pẹ̀lú omijé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rín náà ti lọ sílẹ̀, ó sì ń mi orí sí i. Yorùbá ti mọ irú ẹ̀rín yìí tipẹ́, wọ́n ní bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rín ẹni tí ó dúró lókè ni Bergson ṣàlàyé, ẹ̀rín ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni èyí.

Odò

Apá tí ó le jù lọ láti tún wò ni ibi tí Lámídì ti bọ́ sódò. Ní ọdún 1982, àwàdà tí ó jinlẹ̀ ni. Ikú yá ju ẹ̀sín, òwe àwọn jagunjagun àti ìjòyè ni. Ẹni iyì ni ó ń sọ ọ́, ẹni iyì ni ó sì ń mú un ṣẹ. Tálákà tí gbájúẹ̀ lù ní jìbìtì wá ń fi ikú ọlọ́lá gbọ́n ìtìjú dànù, Ikú fúnra rẹ̀ sì lé e padà bí àlejò tí kò gba ìwé ìpè. Àní ọ̀run pàápàá kò rọgbọ, gẹ́gẹ́ bí àkọlé fíìmù náà ti sọ. Kò sí ibi tí tálákà lè sá sí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìgbékalẹ̀ yìí ga, kò sì sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kà á sí ẹ̀fẹ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé sinimá. Akẹ́kọ̀ọ́ girama tí òbí rẹ̀ jẹ gbèsè, tàbí tí ìdánwò ti dójú tì lẹ́ẹ̀mejì, lè máa wo ibẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa ka ẹni tí ó gbìyànjú láti para rẹ̀ sí arúfin dípò kí ó kà á sí ẹni tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, èyí sì ti mú kí àwọn ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Àwọn olùkọ́ kan yóò fẹ́ fo ibẹ̀. Fífò ó kò dára, nítorí láìsí odò, kò sí Ikú, láìsí Ikú, kò sí ẹyin. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ó bi kíláàsì léèrè ìdí tí ojú fi ti Lámídì tí ojú kò fi ti gbájúẹ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan lè gba ìyókù àsìkò.

Ní ti ọ̀rọ̀ obìnrin, kò sí àwíjàre púpọ̀. Bàbá Sàlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lórí ìtàgé àti amóhùnmáwòrán jẹ́ ahun àti oníwọ̀ra lẹ́yìn obìnrin, ọ̀pọ̀ àwàdà rẹ̀ sì dúró lé e. Lóòótọ́, òun ni ìtìjú ń bá níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú tó dé, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ti kọjá tí wọ́n fi obìnrin ṣe ohun ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni olólùfẹ́ Aláwàdà tí ó ti bí ọmọ obìnrin ti máa ń wá rímóòtù.

Ẹ̀dà Tí Ó Kù

Bí wọ́n ṣe ń wo Ọ̀run Móoru nígbà náà yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń wò ó báyìí. Fíìmù gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sára aṣọ funfun nínú gbọ̀ngàn, owó kékeré kọ́ ni a fi ń ṣe é, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ni fíìmù a máa tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú, kí owó ẹnu ọ̀nà má baà sọnù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rẹ́rìn-ín pọ̀, ẹ̀rín ẹnì kan ń ru ti ẹnì kejì sókè. Lónìí, òǹwòran nìkan ni ó wà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, àwòrán ti ṣí, ohùn ń há. Apá kan nínú ohun tí òǹwòran àgbà pè ní àwàdà tí ó ti ṣá kì í ṣe àwàdà rárá, ariwo gbọ̀ngàn ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Fíìmù tí ó sọ ìtàn jìbìtì yìí náà kò bọ́ lọ́wọ́ jìbìtì. Àwọn kan ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ́nà àìtọ́, wọ́n tà á káàkiri, àwọn ènìyàn sì wò ó nílé dípò kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Gbèsè ńlá ni ó bá Ọláìyá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ohun tí ó kún àgbá àwọn tí ó ta kásẹ́ẹ̀tì náà kò kún ti ẹni tí ó fi ara ṣiṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni ó sì kọ́ ará ìlú láti máa wo sinimá nínú pálọ̀. Òun ni ó bí sinimá àgbéléwò tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ń lò ní kíláàsì títí di òní, òun náà ni ó sì mú kí ó ṣeé ṣe láti dá àwòrán dúró, láti dá a padà sẹ́yìn, kí a sì tún un wò. Nígbà tí ó di ọdún 1992, tí Ọláìyá ṣe Àgbà Man, kò lọ sí òkè òkun lọ fọ fíìmù kankan. Orí fídíò ni ó ṣe é sí.